Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ọ̀gá Bá Dé

Ọkùnrin kan wà tí ìjọba fi ṣe olórí gbogbo àbàtà ìgbèríko, tí kò sì fẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ níwájú. Bí ẹ bá rín ẹ̀rín yín tán níbí, kí lẹ ó fi ka ìyókù?

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, níbi tí òórùn omi kò lè dé. Àwòrán àbàtà mẹ́ta wà lára ògiri níbẹ̀, ó sì máa ń fi aṣọ ìnujú nù wọ́n láràárọ̀ kí eruku má baà bà lé omi. Bàtà rẹ̀ dúdú, ó ń dán débi pé akọ̀wé rẹ̀ máa ń tẹrí ba wojú nínú rẹ̀ kó tó ya irun. Bí ẹnìkan bá ń kí ọ̀gá yìí, kò ní mọ̀ bóyá ọ̀gá lòun ń kí tàbí bàtà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ fún un sọ ọ́ ní Bàtà-Ò-Kan-Ẹrẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ni, Baba Omi ni, Ẹni-Tí-Ọ̀pọ̀lọ́-Ń-Retí ni. Ẹni tó bá mú ìwé wá tó gbàgbé ọ̀kan nínú oríkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á mú ìwé náà padà wá lọ́la.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò le. Nígbà kan, omi kan ṣoṣo ni àbàtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹja á gbéra láti Àbàtà Òkè, á yé ẹyin sí Àbàtà Àárín, àwọn ọmọ rẹ̀ á lọ dàgbà ní Àbàtà Ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn la títì, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ dí ojú omi, wọ́n kọ ebè sórí iyẹ̀pẹ̀, omi sì pín sí mẹ́ta bí ọmọ ìyá tó jà. Ti òkè kún àkúnya, ó ń wọ oko olóko. Ti àárín di ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ti ìsàlẹ̀ ń kú lọ. Ohun tí ìjọba wí ni pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan tí yóò so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí omi rọ́nà lọ, kí ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹyẹ máa lọ máa bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó parí. Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì àti làákàyè, oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù fún un.

Ṣọ́bìrì wà.

Ní Àbàtà Ìsàlẹ̀, obìnrin kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ní. Koríko gígùn tó ń hù nínú àbàtà náà ló fi ń hun ẹní, òun náà ló fi tọ́ ọmọ, òun ló fi kọ́lé. Lọ́dún yìí, koríko ọ̀hún ti ń pọ́n láti ìdí. Bí omi kò bá kàn án kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú dáadáa, gbòǹgbò á kú, bí gbòǹgbò bá sì kú, ó di ọdún mẹ́rin kí òmíràn tó ga tó ẹní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílùú ńlá ti ya igun yàrá kan sọ́tọ̀ dè é. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ní mọ irú igun bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé e síbẹ̀ bí ìkòkò tí a kì í sè mọ́, wọ́n á máa kí i ní kú àárọ̀. Kò fẹ́ lọ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni olórí àwọn agbẹ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kòtò náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Lójoojúmọ́ tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bi í pé omi ńkọ́, òun náà á dáhùn pé ó ń bọ̀ lọ́nà.

"Ta ló ń rù ú bọ̀," ni Ìyá Ẹlẹ́ní á wí, "ṣé ìgbín ni?"

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ọ̀gá wa, kó má baà bínú pé a ti ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jù.

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tí kò sí níbòmíràn láyé. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dépò, awọnlẹ̀ kan lọ kan èèkàn sí ibi tó yẹ láìsọ fún un, àwọn ará abúlé sì yin awọnlẹ̀ náà. Ọ̀gá kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta ló ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan èèkàn kankan mọ́lẹ̀, àyàfi ibi tí ẹsẹ̀ òun fúnra òun bá dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọ̀gá á máa rìn lọ, akọ̀wé á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé ńlá. Ọ̀gá á dúró, á wúkọ́. Akọ̀wé á ké pé, "Ẹsẹ̀ ọ̀gá ti dé ibẹ̀." Olórí agbẹ́lẹ̀ á gbá èèkàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàtà ọ̀gá, á so okùn mọ́ ọn, gbogbo òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá ti wọ ìwé, ó parí. Láti èèkàn dé èèkàn ni wọ́n gbọdọ̀ gbẹ́. Ọkùnrin kan gbẹ́ ìwọ̀n apá kan kọjá èèkàn nígbà kan rí, wọ́n lé e lọ sílé ní ọ̀sán ọjọ́ náà pé ó ń jí ilẹ̀ ìjọba.

Ọjọ́ tí wọ́n máa kan èèkàn kòtò yìí, Àbàtà Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gbẹ, ọ̀gá rìn ín já gaara bí ẹni tó wà nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ń na ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, ó ní òun ti mọ̀ pé òun àti àbàtà jọ mọwọ́ ara àwọn. Wọ́n kan èèkàn sáàárín gbùngbùn koríko Ìyá Ẹlẹ́ní, ibi tó yẹ gan-an. Ní Àbàtà Àárín náà, kò sí wàhálà. Wọ́n wá dé Àbàtà Òkè, níbi tí omi wà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó gbé ìkejì, ilẹ̀ ṣe fùú, bàtà wọlẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná. Ọ̀gá dúró bí ẹni tó rí ejò. Omi ṣì wà níwájú ní nǹkan bí àádọ́ta ìgbésẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn. Ọ̀gá wúkọ́.

Akọ̀wé ké, "Ẹsẹ̀ ọ̀gá ti dé ibẹ̀."

Olórí agbẹ́lẹ̀ kò tètè gbá èèkàn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, omi ṣì wà lọ́hùn-ún."

"Omi ló yẹ kó wá bá mi," ni ọ̀gá wí. "Èmi kọ́ ló yẹ kí n lọ bá omi."

Akọ̀wé ní irú ọ̀rọ̀ yẹn, ó yẹ kí wọ́n fín in sára òkúta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èèkàn wọlẹ̀ síbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹko.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ nìyẹn. Olórí agbẹ́lẹ̀ ní ìgò kan tó bu omi sí, ó ku afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ibi tó bá gbẹ́ dé, á tẹ́ ìgò náà sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, á máa wo ibi tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sá lọ, ìyẹn ló fi ń mọ̀ bí ìsàlẹ̀ kòtò ṣe ń dà. Ọ̀gá bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi í pé kí ni ìgò ń ṣe níbi iṣẹ́ ìjọba. Ó ní òun fi ń wo ibi tí omi fẹ́ gbà ni. Ọ̀gá sọ fún un pé omi kì í fẹ́ nǹkan, ọ̀gá ló ń fẹ́ nǹkan. Olórí agbẹ́lẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, ó tún tẹ́ ìgò rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ èèkàn yẹn, ọ̀gá kì í sọ̀kalẹ̀ láìsí pákó mọ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló máa ń gbé pákó síwájú rẹ̀, bó bá ti kọjá lórí èyí tó wà lẹ́yìn, wọ́n á sáré gbé e wá síwájú. Báyìí ló ṣe ń rìn lórí ìgbèríko tó ń ṣàkóso, láìkàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ọ̀kan nínú wọn gbé pákó síwájú ìyàwó rẹ̀ nílé, kó tó rántí ara rẹ̀.

Oṣù kẹta pé, kòtò parí. Kòtò tó rẹwà ni, ó jìn, ó mọ́, ó gbẹ bí ẹnu ẹlẹ́jọ́. Ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó wá ronú pé báwo ni ọ̀pọ̀lọ́ òkè yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀nà ti là dé ìsàlẹ̀? Ó ní kí wọ́n kọ pátákó ńlá kan sẹ́bàá kòtò: Ẹ̀YIN Ọ̀PỌ̀LỌ́, Ẹ GBA IBÍ. Tíṣà kan tó ń kọjá lọ béèrè pé ta ló kọ́ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ní ìwé kíkà. Ìbéèrè yìí dun ọ̀gá púpọ̀. Ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ṣì ń jókòó bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìròyìn wá dé pé Mínísítà fúnra rẹ̀ máa wá ṣí kòtò náà. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ètò pé omi yóò dé ní aago mẹ́wàá gééré. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bí wọn yóò ṣe la ẹnu nígbà tí omi bá yọ. Ọ̀gá á na ọwọ́, wọ́n á la ẹnu. Ọkùnrin kan tí kò la tirẹ̀ tó, wọ́n dá a dúró lẹ́yìn àwọn yòókù láti tún un là.

Olórí agbẹ́lẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá ọ̀gá. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣàlàyé pé omi kò ní wá, nítorí àádọ́ta ìgbésẹ̀ ló wà láàárín omi àti orí kòtò. Ó ní kí ọ̀gá kàn gba àwọn láyè, ọjọ́ kan péré làwọn yóò fi gbẹ́ ẹ. Ó fi kún un pé koríko ẹ̀gbọ́n òun kò lè fara dà á kọjá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ọjọ́ Sátidé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sílùú ńlá. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju èyí tó sọ lọ́dún náà lọ.

Ọ̀gá wò ó títí. "Ṣé ẹsẹ̀ mi lo fẹ́ tún ṣe?"

"Rárá sà."

"Ó ti wọ ìwé. Bí mo bá tún rí ọ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ jọ máa lọ."

Nígbà tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ ìgbín. Ó ń ká àwọn ẹní tó kù pọ̀, ó sì ń di wọ́n lókùn. Ìyẹn ló dun àbúrò rẹ̀ jù.

Ọjọ́ pé. Wọ́n kó gbogbo pákó lọ fi ṣe àga ìjókòó àwọn àlejò, ẹ rántí èyí o. Mínísítà dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, kò wọ nǹkan tó ń dán, ó sì wọ bàtà rọ́bà gígùn tó dé orúnkún. Ọ̀gá wo bàtà yẹn, àánú rẹ̀ ṣe é.

Ó dìde láti sọ̀rọ̀. "Kí ni àbàtà?" ló fi bẹ̀rẹ̀. "Àbàtà ni omi tó jókòó. Kí lèmi? Èmi lẹni tó máa ní kó dìde. Kí èmi tó dé, ẹja kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Lékeléke ń fò kiri bí aláìlóbìí. Lónìí, mo ti so ìdílé pọ̀." Ó wí bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Akọ̀wé nu omijé nígbà mẹ́rin, níbi tí wọ́n ti fàlà sí i nínú ìwé.

Aago mẹ́wàá lù. Ọ̀gá na ọwọ́ sí kòtò. "Omi," ló wí, "mo pàṣẹ fún ọ, máa bọ̀."

Gbogbo ojú yí sí ibi tí kòtò ti yọ. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nínú kòtò, ó ń ṣe kò, kò, kò. Ewúrẹ́ ni. Òjijì ló jí láti ojú oorun, ó rìn wá síwájú àwọn àlejò, ó dúró, ó wò wọ́n. Gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì la ẹnu, nítorí ọ̀gá ti na ọwọ́.

Mínísítà béèrè bóyá èyí ni omi náà.

Ọ̀gá ní omi wà lẹ́yìn, pé ewúrẹ́ wá sọ pé ó ń bọ̀ ni. Mínísítà dìde, ó rìn lọ sí orí kòtò, ọ̀gá, akọ̀wé àti àwọn agbẹ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó rí èèkàn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó rí omi lọ́ọ̀ọ́kán. Ó bi ọ̀gá pé níbo ni àbàtà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní ní ìdí èèkàn yìí gan-an ni. Ó bi í pé kí wá ni gbogbo èyí tó wà níwájú. Ọ̀gá ronú díẹ̀, ó ní ìyókù ni.

Mínísítà kò jiyàn. Ó kọjá èèkàn, ó ń rìn lọ pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀, ṣáà, ṣáà, títí ó fi rí gegele koríko kan létí omi, ó gun orí rẹ̀, ó yíjú padà.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ máa bọ̀ níbí. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí láti gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ yín."

Ọ̀gá wo ọ̀tún, kò sí pákó. Ó wo òsì, àwọn àlejò ló jókòó lé e. Ó wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tó ń dágbére fún ọmọ. Ó gbé ẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó rọ́nà gbà. Ìgbésẹ̀ ogún, ẹrẹ̀ mu ìbọ̀sẹ̀. Ó ń fa ẹsẹ̀ yọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn èèyàn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ Mínísítà, ilẹ̀ ṣe fùùù, ọ̀gá sì wọlẹ̀ dé ikùn. Ikùn ló gbà á là, òun ni kò jẹ́ kó lọ pátápátá.

"Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń sọ," ni ọ̀gá wí, ó sì wúkọ́.

Ah, ìwà ni kò ṣeé fi sílẹ̀. Akọ̀wé gbọ́ ikọ́, kò ronú, ó ké pé, "Ẹsẹ̀ ọ̀gá ti dé ibẹ̀."

Olórí agbẹ́lẹ̀ mú èèkàn kan tó ṣẹ́ kù nínú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀gá. Ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó rìn jẹ́jẹ́ lọ bá a, ó gbá èèkàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn. Ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé ti kọ ọ́ tán kó tó rí ohun tó kọ.

Ọ̀gá ní kí wọ́n fa òun jáde. Olórí agbẹ́lẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé bí àwọn bá fà á, èèkàn á yẹ̀, àwọn kò sì gbọdọ̀ yẹ èèkàn tó ti wọ ìwé. Mínísítà ní kí akọ̀wé ka òfin náà sókè. Akọ̀wé kà á. Mínísítà ní ta ló ṣe òfin náà. Wọ́n ní ọ̀gá ni. Ó ní òfin kì í ṣe ẹní tí èèyàn ń ká nígbà tó bá wù ú, kí wọ́n gbẹ́ ẹ láti èèkàn dé èèkàn.

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ rọ̀, inú ọgbọ̀n èèyàn sì dùn, ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá nígbà bẹ́ẹ̀. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta síbẹ̀. Mínísítà jókòó lórí gegele rẹ̀, ó ń bi ọ̀gá ní ìbéèrè nípa àbàtà. Irú ẹja wo ló wà níbẹ̀? Ọ̀gá kò mọ̀. Oṣù wo ni lékeléke ń dé? Ọ̀gá kò mọ̀. Báwo ni ibí yìí ṣe jìn tó?

"Ó dé ìdodo," ni ọ̀gá dáhùn.

Òun ni òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ láti ọjọ́ tó ti gorí oyè. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré lọ́sàn-án lásán. Lọ́sàn-án yẹn, wọ́n sáré wá, wọ́n wò ó, ọ̀kan jókòó sórí àpò àyà rẹ̀, ní ìdí pẹ́ẹ̀nì. Ẹni tí wọ́n ń retí ti dé.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ògúlùtù ìkẹyìn kúrò, omi mí kanlẹ̀. Ẹrẹ̀ tú ọ̀gá sílẹ̀ pẹ̀lú ìró kan tí mi ò ní kọ síbí. Ó dojú kọ ọ̀run, omi gbé e, ó wọ kòtò, ó ń lọ ní ìdùbúlẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àlejò, ọwọ́ rẹ̀ nà sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì la ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tí kò là á tó. Ibi pátákó àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló ti rí nǹkan dì mú, ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀.

Olórí agbẹ́lẹ̀ kò dúró wò ó. Ó ń bá omi rìn. Bí orí omi ṣe ń lọ, tó ń kó ewé gbígbẹ síwájú, tó ń mu erùpẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń lọ ní etí kòtò pẹ̀lú ìgò lápò. Omi kún Àbàtà Àárín títí di ọjọ́ kejì, ó tún gbéra. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló dé ìsàlẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ní wà lórí ẹrù rẹ̀ lẹ́bàá koríko, ó ń dúró de ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Ohun tútù kan kàn án ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó wolẹ̀. Omi ń wọ ìdí koríko lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ilẹ̀ ń ṣe ṣìì bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àbúrò rẹ̀ tó dúró sí òdìkejì, tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún.

"Ìgbín náà dé," ló wí.

Ó tú okùn ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé, ẹní méjì ló rù sínú ọkọ̀ padà sílé, kó fi tẹ́ igun yàrá yẹn.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ nípa ọ̀gá. Wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń ka àwọn òkúta etí títì, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé ibikíbi. Akọ̀wé kò bá a lọ, ó ti rí bàtà mìíràn tó ń dán.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ìyá Ẹlẹ́ní ń gé koríko, ọ̀bẹ rẹ̀ kan nǹkan dúdú kan nínú omi. Ó fà á sókè. Bàtà ọ̀tún ni. Ó ti gba Àbàtà Òkè, ó ti gba ti Àárín, ó ti dé ti Ìsàlẹ̀, bàtà tí kò kan ẹrẹ̀ rí ni arìnrìn-àjò tó jìnnà jù ní gbogbo ojú omi náà. Ó pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá wò ó, bóyá ó ṣì wúlò fún ẹnìkan. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, ó yọjú sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní ibi ìka ẹsẹ̀, ó kó ẹyin jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń wo ọkùnrin náà láìṣẹ́jú.

Ó rọra dá bàtà náà padà sínú omi, síbi tó ti wà.

"Onílé wà nílé," ló wí.